Láàárín Òwú àti Owú

Alága wa, Alàgbà Ìbíkúnlé, mo kí yín. Bàbá mi, Bàbá Àkànmú, ẹ̀yin tí ẹ ni àgbẹ̀dẹ tí a jókòó sí yìí kí ó tó di tèmi, mo dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eékún mi kò jẹ́ kí n dé ilẹ̀ tán. Ẹ̀yin ààfáà wa láti mọ́sáláṣí Nyékonakpoè, àsàláámù àláékúmù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí irin, ẹ̀yin apẹja tí ẹ ti Kpogan wá, tí òórùn òkun ṣì wà lára aṣọ yín, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Attiégou níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Éwé àti Mínà, akpé káká, ẹ ṣé púpọ̀. Mo rí i pé Angèle ti jókòó sí àárín yín láti máa túmọ̀. Kó rọra o, nítorí ọ̀rọ̀ tòní, apá kan nínú rẹ̀ kò ní í gbà kí wọ́n túmọ̀ òun.

Ràbíátù, ìyàwó mi, tìrẹ ń bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ìka mi tó ń lu tábìlì yìí. Kì í ṣe pé ara mi kò balẹ̀. Bí ìka yìí bá dúró, ohùn lè yẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu, kí n fẹ́ sọ pé ọkọ̀, kí ẹ gbọ́ ọkọ́. Bó bá yẹ̀, ẹ lè rẹ́rìn-ín, mi ò ní í bínú. Ẹ ṣáà dúró dè mí kí n padà lọ mú un. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbọ́ kí n sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, Ràbíátù ní í bá mi sọ̀rọ̀. Bí ìgbéyàwó bá wà, Jímọ̀ àbúrò mi ní í gba màíkì. Èmi a jókòó, màá máa mi orí bí àlejò tí kò gbédè. Lónìí náà, wọ́n ti ṣètò pé Ràbíátù ni yóò dìde. Mo ní rárá. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí ẹlòmíràn bá bá mi sọ ọ́, kò tíì di sísọ. Ràbíátù ní, "Bó bá wá yẹ̀ mọ́ yín lẹ́nu ńkọ́, Bàbá Fàdílátù?" Mo ní bó bá yẹ̀, ohun tó gbé mi dé ibi tí mo dé náà nìyẹn.

Ẹ mọ ìdí tí a fi pé jọ. Mò ń gbé òòlù sílẹ̀. Kì í ṣe pé apá mi ti kú. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó wá bọ̀ mí lọ́wọ́ kí a tó tú ká. Orí ni. Orí tó fọ́ nígbà kan rí, tí wọ́n rán, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn tí irin bá ti dákẹ́. Dókítà ní ariwo náà tó gẹ́ẹ́. Mo bá a jiyàn, mo ní ariwo yìí ló wò mí sàn. Ó ní oògùn tó wo èèyàn sàn, bí a bá ń lò ó lọ láìdúró, ó lè padà di àìsàn. Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ fún mi ní iṣẹ́ tó ju ọkọ́ àti àdá lọ. Ìdákọ̀ró àkọ́kọ́ tí mo rọ fún yín, apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ gbà á, ẹ jù ú sómi, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ọdún yí po kí ẹ tó sọ fún mi pé ọkọ̀ náà máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn bí aláboyún. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ààrò eléèédú lọ́wọ́ mi, tí ẹ máa ń nájà títí iná á fi kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ń lurin níbí, ẹ ti fara da ìbínú mi. Ẹnu tí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, ọwọ́ ní í bá a sọ ọ́, mo sì ti ju ẹ̀mú mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ foríjì mí.

Alága, nígbà tí ẹ ń ṣí ètò, ẹ tún ìtàn mi sọ, ẹ sì sọ ọ́ dáadáa. Ẹ ní Rídúwánù kì í ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ẹ ní ọlọ́jà ni, ó já bọ́ lórí alùpùpù akérò tí à ń pè ní zẹ́mì, orí rẹ̀ fọ́, ó lọ sí ibi tí èèyàn kì í sábà ti í bọ̀, ìgbà tó sì bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú bọ̀ lẹ́nu: owú. Owú, òòlù ńlá tí alágbẹ̀dẹ fi ń lurin. Ẹ ní irin fúnra rẹ̀ ló pè é. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí Bàbá Àkànmú fi gbé àgbẹ̀dẹ ìdílé wọn fún àjèjì, tí wọ́n fi Mùstàfá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, sílẹ̀. Gbogbo àpéjọ ní "Àlùbáríkà." Mo wo Mùstàfá níbi tó jókòó sí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ìtàn yẹn dùn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò tí kò mọ̀ pé èmi gan-an lòun ń sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, Alága. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, kí n tó tú ohun tí mo fi aṣọ wé sórí tábìlì yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí pé òwú ni mò ń tà. Òwú ìránṣọ, ti àwọn télọ̀, ní ọjà ńlá Asigamé. Bàbá mi tà á, bàbá rẹ̀ ló gbé òwò náà ti Nàìjíríà wá. Bí èèyàn bá mú aṣọ wá, kó tó tú u tán ni mo ti mọ àwọ̀ òwú tó ń fẹ́. Angèle tó jókòó síwájú yìí, òun ló ń rà lọ́wọ́ mi jù. Aránṣọ ni, òwú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. Ràbíátù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé irú òwú wo ni ẹnì kan ń rà láàárọ̀ tó tún ń padà wá rà nírọ̀lẹ́. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a ti ṣe asọ̀ yẹn tán. Mo fi ìbínú jáde nílé, mo di àpò òwú ńlá kan sẹ́yìn zẹ́mì, mo gùn ún. Kásíkì, àṣíborí tí onízẹ́mì ní kí n dé, apá ni mo fi kọ́. Mo ní ooru ń mú mi. A dé oríta kan tí iyanrìn ti bo ojú títì. Mo gbọ́ tí okùn já lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àpò tó là, mo rí òwú tó ń tú jáde, pupa, funfun, àwọ̀ ewé, tó ń yí gbiri lọ láàárín ọkọ̀. Mo la ẹnu láti pariwo. Ibi tí mo rántí dé nìyẹn. Etí gọ́tà ló gba orí mi. Onízẹ́mì dìde, ó gbọn erùpẹ̀ nù, kò fara pa rárá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Wọ́n ní wọ́n ṣí orí mi, wọ́n sì dé e padà. Ẹ rò ó wò. Wọ́n gbé ìdérí orí ọmọ èèyàn sílẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, wọ́n tọ́jú inú rẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n rán an, ẹni náà sì ni ó dúró níwájú yín yìí, tó ń jiyàn pẹ̀lú dókítà. Bí mo bá jókòó tí mo ro èyí, ẹ̀rù Ọlọ́run máa ń bà mí débi pé mi kì í lè dìde kíákíá.

Ìgbà tí mo lajú, ojú Ràbíátù ni mo rí. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ wà nínú mi níbì kan, bí ohun tó já sínú kànga, tí èèyàn ń wò látòkè tí ọwọ́ kò tó o. Mo la ẹnu pè é. Ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni, o, wú. Mo fẹ́ tọrọ omi, ọ̀rọ̀ náà ló jáde. Mo fẹ́ sọ pé orí ń fọ́ mi, òun náà ni. Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu mi. Ohùn rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ bó ṣe wù ú, mi ò lè dì í mú.

Dókítà tó ń tọ́jú mi, tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń ronú, ní ohun kan náà ni mò ń sọ ṣáá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Yorùbá, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Éwé, ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè tiwa, bí ohùn bá ti yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yẹ̀ nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn mi gbọ́.

Ràbíátù gbọ́ owú, owú jíjẹ. Ó rò pé láti ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni mo ti ń bá òun wí nítorí Angèle. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, "Bàbá Fàdílátù, ẹ jọ̀ọ́, mi ò jowú mọ́. Mi ò ní í jowú mọ́ láéláé." Mo tún wí i. Ó bú sẹ́kún. Ìgbà tí kò mọ ohun tó kù láti ṣe, ó lọ pe Angèle fúnra rẹ̀ pé kó wá kí mi, kí n lè rí i pé inú òun ti mọ́. Angèle gbé búrẹ́dì wá. Ó jókòó, kò mọ ìdí tí wọ́n fi pe òun, ó ń wo ìyàwó mi, ìyàwó mi sì ń rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú omijé lójú. Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Lónìí, bí mo bá wá Ràbíátù nílé tí mi ò rí i, mo mọ ilé tó wà.

Jímọ̀ gbọ́ òwú. Ó ní, "Ọjà rẹ̀ ló ń bèèrè. Ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi ni?" Ó lọ sí ìsọ̀, ó di òwú wá, ó tò ó sórí ibùsùn ní àwọ̀ àwọ̀. Mo fi apá gbá a dànù. Kì í ṣe òwú ni mò ń fẹ́, omi ni mò ń fẹ́. Mò ń sunkún, Jímọ̀ náà ń sunkún, ó ń wọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó ń ṣa òwú. Àbúrò mi, láti ọjọ́ náà lo ti di ìsọ̀ yẹn mú, o ò jẹ́ kí ilé bàbá wa tì. Ọlọ́run á san án fún ọ.

Wọ́n gbé mi padà sílé ní Nyékonakpoè. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wá kí mi. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́, nítorí ta ló fẹ́ jókòó ti ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ dé alẹ́? Àwọn kan ní ọpọlọ mi ti dà rú. Fàdílátù ọmọ mi, tó kéré nígbà náà, máa ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé kó má baà kọjá níwájú mi. Inú mi lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ìyẹn ló le jù.

Bàbá Àkànmú kò bá wa tan. Mọ́sáláṣí la ti mọra. Wọ́n wá bẹ aláìsàn wò, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ mi. Àwọn ará ilé ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bàbá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bá ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ìgbà tí wọ́n máa padà wá, wọ́n gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé dání. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ó tutù. Owú ni, òòlù ńlá inú àgbẹ̀dẹ yìí. Wọ́n ní, "Ṣé èyí lò ń wí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti lajú. Ọwọ́ mi pa dé mọ́ ọn. Ìwúwo rẹ̀ gba apá mi lọ sí èjìká, ó gba èjìká lọ sí ẹsẹ̀, mo sì wá mọ ibi tí ara mi wà. Ràbíátù ní òun rò pé mo ti kú. Bàbá ní, "Ẹ máa mú un bọ̀ ní Attiégou."

Ẹ wo ègé irin rélùwéè tó wà níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti ìgbà bàbá Bàbá. Orí rẹ̀ là ń gbé irin lé lù. Ẹni tó bá ti bá a gbé pẹ́ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ kò dọ́gba. Ìdí rẹ̀ ń kùn. Àárín rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Etí rẹ̀ ń ké lókè: ohùn mẹ́ta tí èdè wa ń lò nìyẹn. Bàbá kò kọ́kọ́ kọ́ mi ní irin rárá. Wọ́n fún mi ní òòlù kékeré, wọ́n lu àárín, wọ́n tún lu àárín, wọ́n nawọ́ sí inú garawa, wọ́n ní, "Omi." Èmi náà lù ú, mo ní owú. Wọ́n ní, "Ó dáa. Tún un lù." Wọ́n lu àárín, wọ́n lu etí, wọ́n nawọ́ sí ààrò: "Iná." Wọ́n lu ìdí, wọ́n lu etí lẹ́ẹ̀mejì: "Èédú." Oníbàárà ń bọ̀, Bàbá ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé àwọn ń bá ẹnì kan wá ohun tó sọ nù. Ó pẹ́ o. Èédú ń jó, irin ń tutù, a ṣì wà lórí omi. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ kan tí ọwọ́ mi lù ú, tí ẹnu mi sì di ọwọ́ mú bí ọmọ tó di ẹ̀wù ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Mo ní, "Omi." Bàbá bu omi fún mi. Mo mu ún tán, mo tún tọrọ, kì í ṣe torí òùngbẹ.

Ràbíátù ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé òòlù. Bàbá kò kọ́ mi ní èyí. Mo lu ìdí, mo lu etí, mo tún lu etí, mo padà sí ìdí. Mo ní, "Ràbíátù." Kò ju abọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú fíìmù. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ tún un wí." Mo tún un wí. Ó ní, "Ẹ tún un wí." Oúnjẹ tutù. Mo wí i títí ohùn mi fi há. Ràbíátù, mo ti ń pè ọ́ ní orúkọ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, mò ń fi í bèèrè omi ìwẹ̀, mò ń fi í bèèrè kọ́kọ́rọ́. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe lẹ́nu mi nígbà gbogbo yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, irin náà tẹ̀ lé e. Mo rọ ọkọ́, mo rọ àdá, mo rọ ìdákọ̀ró wọ́rọ́kọ́ yẹn. Òkìkí kàn. Gbogbo Attiégou ń sọ pé irin ló pe ọkùnrin yìí láti ọ̀run. Mùstàfá ti wà níbí ṣáájú mi. Wọ́n bí i sídìí iná ni, ó mọ irin ju bí mo ṣe lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ìgbà tí apá Bàbá kò lè lurin mọ́, a ti rò pé òun ni àgbẹ̀dẹ kàn. Èmi ni Bàbá gbé owú fún. Ìdílé wọn ní, "Irin ló pe Rídúwánù. Ta ni yóò bá irin jiyàn?" Mùstàfá kò jiyàn. Ó kí mi kú oríire, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ dá àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kpogan létí òkun, níbi tí iyọ̀ ti ń jẹ irin kí ẹni tó ni ín tó wá gbà á.

Lẹ́yìn tó lọ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ ni, èmi nìkan ni mo wà níbí. Ọ̀rọ̀ mi àtijọ́ yẹn ṣàdédé wá sẹ́nu mi, ọwọ́ mi sì lù ú láìjẹ́ pé mo rán an. Bó bá jẹ́ owú ni, bí a ṣe lu ọ̀rọ̀ iná náà ni: àárín, etí. Kì í ṣe àárín ni ọwọ́ mi lù. Ìdí ló lù. Ìdí, etí. Mo tún un lù. Ìdí, etí. Òwú. Oríta yẹn padà sí mi lójú, okùn tó já, àpò tó là, ẹnu mi tó ń ké pé, "Òwú mi!" Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà tí gọ́tà gba orí mi náà ló há síbẹ̀. Kò sí irin kankan tó pè mí.

Láti ìdí irin yẹn dé àárín rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan bò ó. Ẹ dìde lọ wò ó lẹ́yìn àpéjọ. Inú àyè yẹn ni gbogbo ayé mi wà. Ká ní ohùn mi dúró dáadáa lọ́jọ́ náà, Jímọ̀ ni à bá dá láre, ǹ bá sì wà nídìí òwú ní Asigamé di òní, láìlẹ́nu, láìmọ orúkọ ìyàwó mi í pè. Ta ló mọ irú ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà? Ó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó sì tún ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá á mọ̀ pé àṣìgbọ́ ni àwọn fi gbé ogún bàbá àwọn fún àjèjì. Mùstàfá á mọ̀ pé ohùn tó yẹ̀ lẹ́nu aláìsàn ló lé òun kúrò nílé. Mo dákẹ́, ìtàn náà sì ń dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu Alága lónìí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé owú fún ẹlòmíràn láìsọ bó ṣe dé ọwọ́ mi. Nítorí náà, Bàbá Àkànmú, ẹ̀yin ni mo kọjú sí. Òwú ni mò ń wí lọ́jọ́ náà. Òwú ìránṣọ. Ẹ ṣì mí gbọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Bàbá ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé màíkì sún mọ́ wọn. Wọn ò fẹ́ màíkì. Ó dáa, èmi ni màá máa tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Bàbá, ẹ ní kí ni?

Wọ́n ní, "Òwú ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Orí tìrẹ ló fọ́, etí tèmi kò fọ́."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín. Bàbá, bí ẹ bá gbọ́ òwú, kí ló dé tí ẹ gbé owú wá?

Wọ́n ní, "Jímọ̀ ti gbé òwú fún ọ, o ò dákẹ́. Mo ní kí n gbé èkejì wá wò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ bèèrè, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Bàbá, Mùstàfá ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé irin kò pè mí, ẹ sì fi ọmọ yín sílẹ̀, ẹ gbé àgbẹ̀dẹ fún mi?

Mùstàfá ni wọ́n ń wò. Òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n màá tún un sọ. Wọ́n ní, "Mùstàfá, ibi tó wù kí o dé, wàá rí irin lù. Ẹnu ni eléyìí ń wá. Bó bá kúrò nídìí irin yìí, níbo ló ti fẹ́ rí i?"

Ẹ dúró dè mí. Ìka mi ti dúró. Ẹ jẹ́ kó padà.

Ó dáa. Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé èmi ni mò ń fi nǹkan pamọ́ fún Bàbá. Bàbá ló ń fi í pamọ́ fún mi. Wọ́n jẹ́ kí ìlú máa pe àwọn ní ẹni tó gbọ́ ohùn irin, wọ́n sì fara mọ́ ọn, kí n má baà mọ̀ pé àánú ni wọ́n ṣe mí. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ tiwọn lọ sínú iyọ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Irin ló ti ń yà mí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ló yẹ kí n máa wò.

Mùstàfá, máa bọ̀. Ẹ yà fún un. Mo tú aṣọ yìí, owú rèé. Kí lo wí? Ó ní kí n kọ́kọ́ pè é kí òun tó gbà á. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, òun fẹ́ mọ èyí tí òun ń gbé lọ sílé. Ẹ ò rí ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àárín, etí: owú. Gbà á, àbúrò mi. Padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà, kí n jókòó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí owú bà wá jẹ́; bí ó bá sì gbọ́dọ̀ wà, kó dà bíi ti Ràbíátù àti Angèle. Kí òwú ẹ̀mí wa má já lójú ọ̀nà. Kí owú má yẹ̀ lọ́wọ́ Mùstàfá. Kí apẹja lọ, kí wọ́n bọ̀, kí ìdákọ̀ró wọn mú ilẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Bàbá Àkànmú pẹ́ fún wa, kí etí wọn má sì di. Orí kankan kò ní í fọ́ nínú wa. Bí ohùn wa bá sì yẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ayé kò gbọ́ wa yé mọ́, kí Ọlọ́run rán ẹni tó gbọ́ wa dáadáa sí wa, tó sì láàánú tó láti ṣì wá gbọ́.

Ràbíátù, ṣé o rí i? Kò yẹ̀. Bó bá sì yẹ̀ níbì kan, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rí ibi tó máa ń gbéni dé. Ẹ ṣé o.